Ta Ló Gbẹ́ Ọkọ̀ Yìí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú tiwa ní Èkó ti rí òkun, ó ti rí ọ̀sà, ó wá rí ọkọ̀ onígi títí tí kò fi rí i mọ́. Ẹni tó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá á rí wọn nísàlẹ̀: ọkọ̀ gbọọrọ, àpò tí wọ́n rán pọ̀ ni ìgbòkun wọn, yanrìn kún inú wọn dé ẹnu. Yanrìn yẹn la fi ń kọ́lé ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní ọgbà wa yìí pé ta ló kan ọkọ̀ wọ̀nyẹn, níbo ni wọ́n ti kàn án, irú igi wo ni. Èmi ti bi wọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa ni pé a fẹ́ràn àpéjọ ọkọ̀ ojú omi, èyí tí àwọn oníròyìn ń pè ní rìgátà. Wọ́n á kun ọkọ̀ ní ọ̀dà, wọ́n á so àsíá mọ́ ọn, àwọn awakọ̀ á wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àwọn olóyè á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ìlù á máa dún. Ó dùn ún wò, n ò ní parọ́. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Wọ́n á dárúkọ gómìnà, wọ́n á dárúkọ ọba, wọ́n á dárúkọ ilé iṣẹ́ tó fowó sí i, wọ́n á dárúkọ àdúgbò tó gbégbá orókè. Ẹni tó kan ọkọ̀ nìkan ni ẹnu ò ní bà. Èmi gbà pé ìwé ìtàn ni ọkọ̀ onígi jẹ́ nílẹ̀ wa. Tí a bá ń pàtẹ ìwé, tí a kò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, tí a kò sì ṣí i fún ẹnikẹ́ni kà, kí la wá pàtẹ?

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n Àpápá GRA ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkọ̀ onígi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àfihàn. Àpéjọ kékeré kan ni, létí omi. Àwọn tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló pọ̀ jù níbẹ̀; ọkọ̀ funfun tò lọ rẹrẹ, gbogbo wọn ló lórúkọ lára. Ní ìkángun pátápátá, wọ́n fa ọkọ̀ onígi méjì gun orí yanrìn, wọ́n fi páálí kan síwájú wọn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lára páálí náà: "Local canoe." Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi agolo gbọ́n omi òjò kúrò nínú ọ̀kan. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kan ọkọ̀ yìí?" Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n ní, "Èmi náà ni, ọmọ mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí láti àárọ̀." Wọ́n wá ń fi ibi tí pákó kan ti wọnú èkejì hàn mí, wọ́n ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n kọ páálí yẹn, kí ni mi ò bá kọ? Ohun tí mo kó jọ nìyí.

Mi ò bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Àwórì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Olófin Ògúnfúnmiré ń wá ibi tí yóò tẹ̀dó sí, àwo ni wọ́n gbé lé orí omi, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́rí, létí odò Ògùn, ni àwo ti rì. "Àwo rì" yìí ni wọ́n ní ó di Àwórì. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti sọ̀kalẹ̀ wá sí Èbúté Mẹ́tta àti Ìdó. Ẹni tó bá wù lè pè é ní àlọ́. Ohun tí èmi rí dì mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kò sọ pé ẹṣin ló gbé àwọn wá. Omi ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹni tí omi bá sì jẹ́ ọ̀nà fún, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé dé. Ní 1603, oníṣẹ́ abẹ kan láti Jámánì, Andreas Joshua Ulsheimer, bá ọkọ̀ àwọn ará Hólàńdì dé Èkó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi yí ìlú náà ká, pé àwọn ọmọ ogun ọba Bìní ló ń gbé ibẹ̀, àti pé àwọn oníṣòwò ń gba orí omi àti orí ilẹ̀ wá nájà níbẹ̀. Kò sí afárá kankan nígbà náà. Afárá Carter, tó so erékùṣù Èkó mọ́ Ìdó, 1901 ni wọ́n tó ṣí i. Ẹ ṣírò rẹ̀: fún bí 300 ọdún lẹ́yìn tí Ulsheimer wá, gbogbo iṣu, gbogbo ẹja gbígbẹ, gbogbo kẹ̀ǹgbẹ̀ epo, gbogbo ìyàwó tuntun tó wọ erékùṣù Èkó, ọkọ̀ onígi ló gbé wọn dé. Ká má sì tan ara wa jẹ, ọkọ̀ onígi kan náà ló ń gbé àwọn ẹrú lọ bá ọkọ̀ àwọn òyìnbó. Ìwé ìtàn tòótọ́ kì í ní ojú ewé tó dáa nìkan.

Ọkọ̀ ló tún ń pinnu ẹni tó ń jọba. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ gba oyè lọ́wọ́ Akíntóyè nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Olómirò. Ọ̀ṣọ́dì Tápà ni olórí àwọn ọkọ̀ ogun Kòsọ́kọ́. Òun kan náà ló fún Akíntóyè láyè láti gba ọ̀nà omi Àgbóyí sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ wò ó, ká ní Ọ̀ṣọ́dì fi ọkọ̀ dí ẹnu omi yẹn ni, ìtàn Èkó ì bá gba ibòmíràn. Akíntóyè yè é, ó dé Àgbádárìgì, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì mulẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá yìnbọn lu Èkó nínú ogun tí àwọn ará ìlú sọ ní Àgídìngbì, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ o. Ní oṣù Kẹjọ 1853, Kòsọ́kọ́ fi ọkọ̀ ogun kọ lu Èkó lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí ìlú gbà, àmọ́ kò jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sùn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, àwọn fúnra wọn ló lọ bá a ní Ẹ̀pẹ́ láti ṣe àdéhùn: kó fi Èkó sílẹ̀, kí àwọn náà fi èbúté Palma àti Lékkì sílẹ̀ fún un. Ọdún 1862 ló tó padà wá sí Èkó. Títí dòní, àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ṣì ń fi ọdún Káyókáyó ṣèrántí bí àwọn baba wọn ṣe dé ibẹ̀. A mọ orúkọ Kòsọ́kọ́, a mọ orúkọ Akíntóyè, a mọ orúkọ Ọ̀ṣọ́dì Tápà. Kódà a mọ orúkọ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì: Bloodhound ni ọ̀kan, Teazer ni èkejì. Àwọn tó gbẹ́ ọkọ̀ tí Kòsọ́kọ́ fi dà wọ́n láàmú fún ọdún mẹ́ta ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Láyé àtijọ́, odindi igi kan ni ọkọ̀ kan. Àwọn agbẹ́kọ̀ á wọ igbó lọ wá igi tó ga, tó tọ́, tí inú rẹ̀ kò jẹrà. Wọ́n á bọ Ògún kí irin tó kan igi. Inú igbó níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù kó lè fúyẹ́, kí wọ́n tó wọ́ ọ dé etí omi. Àáké ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Iná àti omi ni wọ́n fi ń la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: wọ́n á yá igi náà níná, wọ́n á da omi sí i, á rọ̀, wọ́n á wá fi ọ̀pá tì í síta díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, ọkọ̀ jóná. Bí iná kò bá tó, igi á là, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á sì ṣòfò. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwọn wọ̀nyí wo ẹnu àáké, wọ́n wo ẹnu iná pẹ̀lú. Kò sí ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ọmọ jókòó ti bàbá, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí igi ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, pákó gba ipò rẹ̀. Ẹ lọ sí Màkókò, níbi tí àwọn Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ ti ń gbé lójú omi, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilé ìlagi Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́tta kò jìnnà síbẹ̀, ibẹ̀ ni pákó ti máa ń wá tẹ́lẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ìdí ọkọ̀, wọ́n á tẹ pákó fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á fi igi kéékèèké ṣe egungun ìhà fún un, wọ́n á kan ìṣó, wọ́n á fi òwú tàbí àkísà dí gbogbo àlàfo, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ẹ ò ní rí bébà tí wọ́n ya ọkọ̀ sí. Ojú ni ìwọ̀n wọn. Ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ láàárín wa mọ ohun tí mo ń sọ: ìṣirò tí a ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, ẹnì kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Àpápá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Tẹ́lẹ̀, òkìtì yanrìn ló wà lẹ́nu omi Èkó, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti òkè òkun kò lè gun orí rẹ̀ wọlé. Ìta ni wọ́n ń dúró sí, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó wá kó ẹrù wọn. Ní 1908, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri wọ inú òkun kí ọ̀nà lè jìn. Ní 1921 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní èbúté Àpápá, ní 1926 wọ́n ṣí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, LEDB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú Èkó tò, sọ irà Àpápá di ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n pín in fún ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ di títì ọlọ́dà. Orúkọ títì kan ṣì ń tú àṣírí náà: Creek Road. Àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté kò sì lówó tí wọ́n fi máa gbé GRA. Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn forí lé, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Yorùbá, gbogbo wa.

Ẹ gbé orúkọ Ajégúnlẹ̀ yẹn yẹ̀ wò. Ajé gúnlẹ̀. Kí ló ń gúnlẹ̀? Ọkọ̀ ni. Èdè àwọn ọlọ́kọ̀ ni wọ́n fi sọ àdúgbò wa lórúkọ. Àmọ́ ajé tó ń gúnlẹ̀ lójoojúmọ́, inú kọ̀ǹténà ló wà, Àpápá ló ń gúnlẹ̀ sí, fèrè ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ọkọ̀ onígi kò sì tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Òun ló ń gbé oúnjẹ àti ènìyàn láti Àpápá kọjá sí Ṣàgbòkòjí àti Tòmarò, níbi tí mọ́tò kò lè dé.

Ìgbà kan wà tí orílẹ̀-èdè yìí bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ onígi níṣojú gbogbo ayé. FESTAC ni, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1977. Wọ́n ṣe rìgátà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní etí omi Queen's Drive ní Ìkòyí, títì tí a ń pè ní Oyinkan Abayomi Drive lónìí. Nǹkan bí 200 ọkọ̀ ló wá, láti Èkó, Ògùn, Òǹdó, Bẹ́ńdẹ̀lì, Rivers, Cross River. Ẹ fojú inú wò ó. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní bí ó ṣe ń gbẹ́ tirẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó lè kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan. Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kí ẹnì kan mú bírò àti ìwé dání. Àwòrán ijó àti aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé lọ sílé.

Kí ló dé tí mo fi ń kánjú báyìí? Nítorí pé ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn akankọ̀. Ní oṣù Keje 1990, wọ́n lé àwọn ará Màrókò. Ní oṣù Keje 2012, wọ́n wó lára ilé tó wà lójú omi ní Màkókò. Láàárín oṣù Kọkànlá 2016 àti oṣù Kẹrin 2017, wọ́n pa abúlé Ọ̀tọ̀dọ̀ Gbáme rẹ́ létí ọ̀sà ní Lékkì, níbi tí àwọn apẹja Ègùn ń gbé. Iye àwọn tó di aláìnílé ní bí 30,000 gẹ́gẹ́ bí àjọ Amnesty ṣe sọ. Bí wọ́n bá lé apẹja, ó lè wá omi mìíràn. Bí wọ́n bá lé akankọ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn oníbàárà rẹ̀ fọ́n ká, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ gun ọ̀kadà.

Lọ́wọ́ kejì, ìjọba ti ń sọ léraléra pé àwọn máa yọ ọkọ̀ onígi kúrò nínú iṣẹ́ gbígbé èrò díẹ̀díẹ̀. N ò ní sọ pé wọn ò ní ìdí. Ọkọ̀ ń dojú dé, ẹ̀mí ń ṣòfò, àwọn èèyàn ń kún inú ọkọ̀ kọjá ohun tó lè gbé, wọ́n ń rìn lóru láìsí ẹ̀wù ìléfòó. Ẹ̀mí ènìyàn ju igi lọ. Kí wọ́n fi ọkọ̀ tó le gbé èrò, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ sin ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n wá láti ọdún gbọọrọ, ó kéré tán, ká kọ orúkọ rẹ̀ sórí ibojì.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ méjì kádìí rẹ̀. Ní 1955, nígbà tí wọ́n ń la títì ní abúlé Pesse ní Hólàńdì, wọ́n hú ọkọ̀ kékeré kan, bíi mítà 3 ní gígùn. Wọ́n ní ó tó 10,000 ọdún. Àwọn kan ń jiyàn pé kì í ṣe ọkọ̀. Ní 2001, wọ́n gbẹ́ irú rẹ̀ tuntun, wọ́n gbé e sórí omi, ènìyàn jókòó sínú rẹ̀, ó wà á lọ. Ìjiyàn parí. Àwa náà ní tiwa. Ní 1987, ní abúlé Dufuna, ní ibi tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Yòbè lónìí, darandaran kan ń gbẹ́ kànga, irin rẹ̀ kan igi líle nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ni. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8, ó sì tó 8,000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ tó dàgbà tó o tí wọ́n tíì rí ní Áfíríkà. Bàbá ńlá gbogbo rìgátà wa nìyẹn. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ó wà?

Ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ Dufuna, kò sí bí a ṣe máa mọ orúkọ rẹ̀ láéláé. Ikú ti mú un lọ kí ìwé tó dáyé. Àwọn tiwa ò tíì kú. Wọ́n wà ní Màkókò, wọ́n wà ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n wà ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní fóònù. Owó mọ́tò la fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ wa kò le. Nígbàkígbà tí àpéjọ ọkọ̀ bá wà ní agbègbè yìí, kí ẹni méjì nínú wa lọ. Kí ọ̀kan mú kámẹ́rà, kí èkejì mú ìwé. Kí wọ́n kí àwọn àgbà dáadáa, kí wọ́n sì béèrè nǹkan márùn-ún: orúkọ ẹni tó ṣe ọkọ̀, ìlú rẹ̀, igi tó fi ṣe é, ọjọ́ mélòó ló gbà á, àti ta ló kọ́ ọ. Tí wọ́n bá gbà, ká tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, ká fi síwájú ọkọ̀ náà kí àpéjọ tó tú. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Mo ti ra ìwé tèmi. Ta ló máa gbé kámẹ́rà?